Ilà Ojú Ìmọ́lẹ̀: Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Orí Agbo Ìràwọ̀ Tó Jìnnà

 

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà jù lọ, kí n sì sọ ọ́ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó pè mí bi mí pé ṣé èdè wa lè gbé e. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Àríyànjiyàn tí ìmọ̀ yìí dúró lé lórí, àwọn baba wa ti ń jà á lórí àgùàlà kí wọ́n tó bí mi.

Gbogbo wa la mọ àgùàlà, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń tàn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ìdájí. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i tó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òṣùpá bí ẹni pé okùn ló so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ajá òṣùpá. Àwọn àgbà kan kò gbà. Wọ́n ní bíbá òṣùpá rìn kò sọ ọ́ di ajá rẹ̀. Àwọn yẹn ló jàre. Òṣùpá jìnnà sí wa ní nǹkan bí kìlómítà 384,000. Àgùàlà, tí òyìnbó ń pè ní Venus, kì í sún mọ́ wa ju nǹkan bí mílíọ̀nù 38 kìlómítà lọ, ìyẹn bí ìlọ́po 100 ti òṣùpá. Ajá wo ló ń tẹ̀ lé olówó rẹ̀ láti irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀?

Ojú ọ̀run kì í sọ ibi tí nǹkan jìnnà dé. Ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí àwòrán ara ògiri. Fìtílà kékeré tó wà nítòsí àti iná igbó ńlá tó wà lọ́nà jíjìn lè jọ ara wọn lójú ẹni tó dúró nínú òkùnkùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ìràwọ̀ ní láti kọ́kọ́ yanjú èyí, ó sì gba ọmọ ènìyàn ní ìgbà pípẹ́.

Oòrùn wa jẹ́ ìràwọ̀ kan. Ó wà nínú ìjọ ìràwọ̀ kan tí iye wọn ju bílíọ̀nù 100 lọ. Òyìnbó ń pe irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ní galaxy. Lónìí n ó máa pè é ní agbo ìràwọ̀, nítorí bí àwọn oníjó ṣe ń ṣe agbo yí onílù ká, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìràwọ̀ náà ń yí àárín agbo wọn ká. Ẹni tó bá sùn sí oko rí, ní òru tí kò sí òṣùpá tí ọyẹ́ kò sì bo ojú sánmà, á ti rí ọ̀já funfun kan tó na láti ìkángun ọ̀run kan dé èkejì. Agbo tiwa nìyẹn, láti inú wá.

Ní ọdún 1920, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Harlow Shapley àti Heber Curtis, dúró ní Washington láti jiyàn ní gbangba: ṣé agbo tiwa yìí nìkan ni gbogbo àgbáyé, àbí àwọn ìkùukùu kéékèèké tí awò awọ̀nàjíjìn ń fi hàn káàkiri jẹ́ agbo mìíràn, tó jìnnà réré? Wọ́n jiyàn, wọ́n túká. Ohun tó máa parí ẹjọ́ ti wà nílẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú.

Obìnrin kan ló fi í sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Henrietta Swan Leavitt, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ Harvard, etí rẹ̀ kò sì gbọ́rọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo fọ́tò ìràwọ̀ tí wọ́n yà sórí gíláàsì, kó máa wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ó rí àwọn ìràwọ̀ kan tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń ga, tó sì ń relẹ̀, bí àyà ẹni tó ń sùn. Ní 1912, ó tẹ àyẹ̀wò 25 nínú wọn jáde, gbogbo wọn láti ibì kan náà ní ojú ọ̀run. Ó ní èyí tó bá ń pẹ́ kó tó mí ló ń mọ́lẹ̀ jù. Èyí tó bá ń mí wéréwéré, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré.

Ẹ gbọ́ bí ìyẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìlù láti abúlé kejì, ẹ kò rí onílù, síbẹ̀ ẹ mọ̀ pé ìyá ìlù ló ń dún jinlẹ̀ yẹn, gúdúgúdú ló ń ta kíákíá. Irú ìró tó ń jáde ti sọ bí ìlù náà ṣe tóbi tó. Nígbà tí ẹ bá ti mọ bí ó ṣe tóbi tó, tí ẹ sì wá gbọ́ bí ó ṣe ń dún fínfín létí yín, ẹ lè ṣírò bí abúlé náà ṣe jìnnà tó. Ìràwọ̀ Leavitt jẹ́ ìlù tó ń kéde ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, 1923, lórí òkè Wilson ní California, Edwin Hubble ya fọ́tò ìkùukùu tí wọ́n ń pè ní Andromeda. Ó rí ìràwọ̀ kan níbẹ̀ tó kọ́kọ́ rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú jáde, ó sì fi lẹ́tà N sí i. Nígbà tó fi í wé àwọn fọ́tò àtijọ́, ó rí i pé mímí ni ìràwọ̀ náà ń mí. Ó fagi lé N, ó kọ VAR sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi àmì ìyanu sí i. Gíláàsì yẹn ṣì wà títí dòní. Iye tó ṣírò kò tó ìdajì ohun tí a mọ̀ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù kí Andromeda lè wà nínú agbo tiwa. Lónìí a mọ̀ pé ó jìnnà ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún ìmọ́lẹ̀. Leavitt ti kú ní 1921, kò rí i.

Mo ní ọdún ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nǹkan bí kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti ọ̀dọ̀ oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀ ló ń gbà á. Iye ọ̀nà tó lè sá ní ọdún kan gbáko là ń pè ní ọdún ìmọ́lẹ̀ kan. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ Andromeda tí Hubble mú sórí gíláàsì rẹ̀ ti kúrò nílé kí ẹ̀dá tó jọ wa tó wà láyé. Kì í ṣe Andromeda ti òru yẹn ló rí. Ońṣẹ́ tó pẹ́ lọ́nà ló rí, ìròyìn ọjọ́ tí ońṣẹ́ náà gbéra nìkan ló sì lè jẹ́.

Àbùkù nìyẹn lójú ẹlòmíràn. Lójú tèmi, ẹ̀bùn tó ga jù tí ojú ọ̀run fún wa nìyẹn, nítorí ọmọ ènìyàn kò lè jókòó ti agbo ìràwọ̀ kan títí yóò fi dàgbà. Oòrùn wa ń lo nǹkan bí mílíọ̀nù 230 ọdún kó tó yí agbo wa ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká ní àlejò kan wọ ìlú yìí ní aago méjì ọ̀sán. Kò rí ènìyàn rí láyé rẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n sì fún un. Kò lè rí ẹnikẹ́ni tó dàgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ó rí ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó rí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó rí ọ̀dọ́kùnrin lórí ọ̀kadà, ó rí bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn. Bí ó bá ní làákàyè, á so wọ́n pọ̀, á sì sọ pé ohun kan náà ni wọ́n, ọjọ́ orí ló yà wọ́n. William Herschel ti ronú bẹ́ẹ̀ ní 1789, nígbà tó fi ojú ọ̀run wé ọgbà tí irúgbìn inú rẹ̀ wà ní oríṣiríṣi ìpele lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà wa sàn ju ti àlejò náà lọ ní apá kan: bí a bá wo ọ̀nà tó jìnnà sí i, ìgbà àtijọ́ là ń wò. Àwọn ọmọ ọwọ́ wà ní ìparí àdúgbò, àwọn àgbà wà nítòsí ẹnu ọ̀nà wa.

Ṣùgbọ́n àlejò náà lè ṣìnà. Ó lè rí aràrá kó pè é ní ọmọdé. Ó lè rí ajá kó rò pé ènìyàn tí kò tíì kọ́ ìdúró ni. Ó sì lè ṣe àṣìṣe tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ: kó rò pé àwọn àgbà náà bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe ìkẹyìn yìí, àwọn ọ̀gá ńlá ló ṣe é. Ní àárín ọ̀rúndún ogún, wọ́n ń lo àwọn agbo ńláńlá kan bí òṣùwọ̀n. Wọ́n gbà pé ìmọ́lẹ̀ wọn kì í yí padà, nítorí náà èyí tó bá ṣókùnkùn jù ló jìnnà jù. Ọmọbìnrin kan tó dàgbà ní New Zealand, Beatrice Tinsley, wá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Texas ní Austin ní ọdún 1966. Àròjinlẹ̀ rẹ̀ rọrùn débi pé ìtìjú ló yẹ kó jẹ́ fún àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ìràwọ̀ ń bí, ìràwọ̀ ń kú. Àwọn tó tóbi, tó gbóná, tó ní àwọ̀ búlúù, kì í pẹ́ láyé. Àwọn kéékèèké tó pupa ni í pẹ́. Agbo tí ọmọ inú rẹ̀ ń bí, tó sì ń kú, báwo ni ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ ṣe máa dúró sójú kan? Tinsley ṣírò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ìran ìràwọ̀ lẹ́yìn ìran, ó sì fi hàn pé agbo ìràwọ̀ ń darúgbó, àti pé a lè ka ọjọ́ ogbó rẹ̀ lára àwọ̀ rẹ̀. Òṣùwọ̀n táwọn ọ̀gá ń lò ń sún lọ́wọ́ wọn láìmọ̀. Kò rọrùn fún un. Iṣẹ́ gidi ṣòro fún un láti rí, ọdún 1978 ló tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yale. Ó kú ní 1981, ẹni ogójì ọdún. Bí ẹ bá bi mí ta ni ìyá ìmọ̀ tí mo ń sọ lónìí, òun ni n ó dárúkọ.

Mo ní a ń ka àwọ̀. Ẹ bá mi lọ sí ọ̀rọ̀ ilà.

Láyé àtijọ́, àlejò lè dé ọjà láìtíì lanu, wọ́n á ti mọ ibi tó ti wá. Àbàjà wà lójú ẹnì kan, pélé wà lójú ẹlòmíràn, gọ̀ǹbọ́ wà lójú ẹni kẹta. Ìmọ́lẹ̀ náà ní ilà. Bí a bá la ìmọ́lẹ̀ oòrùn kọjá nínú gíláàsì onígun mẹ́ta, á tú ká di àwọ̀ òṣùmàrè. Ní 1814, Joseph Fraunhofer ní Jámánì tẹ́ òṣùmàrè náà sílẹ̀ fẹ̀ẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti ṣe é rí, ó sì rí i pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilà dúdú tín-ín-rín ló wà lójú rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e wá mọ̀ pé ohun kọ̀ọ̀kan ló ní ilà tirẹ̀. Haidirójìn ní tirẹ̀, kalisíọ̀mù ní tirẹ̀, ọ́síjìn ní tirẹ̀, wọn kì í sì í yá ilà ara wọn lò. Nítorí èyí, a mọ ohun tó wà nínú ìràwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní débẹ̀ láéláé.

Ní 1912 kan náà tí Leavitt tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, Vesto Slipher ní Flagstaff, Arizona, ka ilà ojú Andromeda. Ilà náà pé, ìtò wọn kò yí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti sún lápapọ̀ sí apá búlúù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Andromeda ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ní nǹkan bí kìlómítà 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó yẹ àwọn mìíràn wò lọ́dún díẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, apá pupa ni ilà wọn sún sí. Wọ́n ń lọ. Georges Lemaître, àlùfáà ará Belgium, so ìyẹn mọ́ àgbáyé tó ń gbòòrò ní 1927. Ní 1929 Hubble fi hàn pé bí agbo bá ṣe jìnnà tó ni ìsún rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Èyí tó pọ̀ nínú ilà tó wá jìnnà jù lẹ́yìn náà, Milton Humason ló kà á. Ẹni tí mo ń sọ yìí, awakọ̀ ìbaaka ni tẹ́lẹ̀, tó ń ru ẹrù gun òkè Wilson nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìwòràwọ̀ ibẹ̀. Ó di agbálẹ̀ níbẹ̀, ó di olùrànlọ́wọ́ alẹ́, ó di onímọ̀. Ìwé tó kà ní ilé-ìwé kò pọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, sùúrù rẹ̀ sì gùn.

Kí ló ń na ilà sí apá pupa? Ẹ wo rọ́bà tí télọ̀ ń fi sí ìbàdí ṣòkòtò. Bí ó bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà márùn-ún sára rẹ̀, tó wá fà á gùn, ìtò ilà náà kò yí padà, ṣùgbọ́n àlàfo àárín wọn ti fẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wà lójú ọ̀nà, òfuurufú tó ń gbà kọjá sì ń fẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbì rẹ̀ náà ń nà. Ìgbì tó kúrú ni búlúù, tó gùn ni pupa, tó bá tún gùn jù bẹ́ẹ̀, ojú wa kò rí i mọ́, ooru ni awọ ara wa máa pè é. Àwọn onímọ̀ ń fi nọ́ńbà kan sọ bí ó ṣe nà tó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe tóbi tó ni ìmọ́lẹ̀ náà ṣe pẹ́ lọ́nà tó. Nọ́ńbà yìí ni ìwé ìbí agbo ìràwọ̀.

N kò ní pẹ́ lórí awò tí wọ́n fi orúkọ Hubble sọ, tí wọ́n gbé lọ sí ojú ọ̀run ní oṣù kẹrin, 1990, àyàfi ohun kan. Ní oṣù Disẹ́ńbà 1995, Robert Williams, tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ tó ń darí awò náà, lo àkókò tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kọjú awò sí ibi tí kò sí nǹkankan, ibi òkùnkùn tó kéré bíi wóró iyanrìn tí ẹ nà síwájú lórí ìka. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti kìlọ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́wàá ni awò fi wò ó, láti ọjọ́ 18 sí 28, fọ́tò 342. Nígbà tí wọ́n tò wọ́n léra, nǹkan bí 3,000 agbo ìràwọ̀ ló wà nínú wóró iyanrìn náà. Àwọn tó wà nítòsí rí rẹ́múrẹ́mú, roboto tàbí alápá yíyí. Àwọn tó jìnnà jù kéré, wọ́n rí págunpàgun, wọ́n ń rọ́ lu ara wọn, àwọ̀ ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ búlúù. Èwe àgbáyé nìyẹn, nínú fọ́tò kan.

Awò Hubble ní ààlà. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ bá gùn ju nǹkan bí 1,700 nanómítà lọ, kò rí i mọ́. Nanómítà, ẹ pín mílímítà kan sí mílíọ̀nù, ẹyọ kan ni. Ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì ni pé haidirójìn kún gbogbo ọ̀nà ní ìgbà èwe àgbáyé, gáàsì yẹn sì máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ bá kúrú ju 121.6 nanómítà mì. Nítorí náà, agbo tó jìnnà púpọ̀ ní ojú ààlà: lápá kan, òkùnkùn birimù; lápá kejì, ìmọ́lẹ̀. Bí àgbáyé bá wá na ìmọ́lẹ̀ yẹn ní ìlọ́po 15, ojú ààlà náà á sún dé nǹkan bí 1,820. Gbogbo ohun tó yẹ kí Hubble rí ti bọ́ sínú òkùnkùn. Kò lè rí i bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ awò James Webb, tó gbéra láti Kourou ní French Guiana lọ́jọ́ Kérésìmesì, 2021. Dígí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà mẹ́fà àbọ̀, ó ní ègé 18, wúrà ni wọ́n fi kùn ún nítorí wúrà ń dá ìtànṣán ooru padà dáadáa. Ó wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà sí wa, aṣọ ìbòòrùn onípele márùn-ún tó fẹ̀ tó pápá tẹ́níìsì sì ń bo oòrùn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Ìtànṣán ooru ló fẹ́ rí, gbogbo ohun tó bá sì lọ́wọ́ọ́rọ́ ló ń tú u jáde, títí kan awò fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń wá tanátaná nínú igbó kì í gbé àtùpà gáàsì dání.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, ó sì jọ iṣẹ́ àwọn ìyá tó ń sẹ́ gàrí. Wọ́n ní asẹ́ àwọ̀ oríṣiríṣi. Wọ́n á fi asẹ́ kọ̀ọ̀kan wo ibì kan náà. Agbo tí kò bá hàn rárá nínú asẹ́ ìgbì kúkúrú, tó wá yọ lójijì nínú asẹ́ ìgbì gígùn, wọ́n á mú un sọ́tọ̀. Afurasí ni, wọn kò tíì dá a lẹ́jọ́.

Mo tẹnu mọ́ afurasí. Ní 2022, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Webb bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n mú ọ̀kan tí wọ́n pè ní CEERS-93316. Asẹ́ ní nọ́ńbà rẹ̀ ju 16 lọ, ìyẹn ni pé àgbáyé kò tíì pé mílíọ̀nù 250 ọdún nígbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbéra. Ìròyìn gba ayé kan. WhatsApp sọ pé wọ́n ti fọ́ ìmọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé yángá. Nígbà tó di 2023, wọ́n tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ká di òṣùmàrè, wọ́n ka ilà ojú rẹ̀: 4.9 ni. Àgbà ni, ó lé ní bílíọ̀nù ọdún kan lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé. Eruku ló sọ ọ́ di pupa, ilà ọ́síjìn àti ti haidirójìn tó mọ́lẹ̀ gan-an sì bọ́ sínú asẹ́ tó máa tan ènìyàn jẹ. Kò sí ẹni tó purọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwa tó ń ka àkọlé nìkan ni a kò dúró.

Ẹ wá fi ìyẹn wé JADES-GS-z14-0. Òun náà bẹ̀rẹ̀ bí afurasí, ó sì mọ́lẹ̀ débi pé àwọn tó rí i kò gbà á gbọ́. Ní oṣù kìíní, 2024, Webb kọjú sí i fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá láti tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ká. Ojú ààlà haidirójìn hàn gbangba, òkùnkùn lápá kan, ìmọ́lẹ̀ lápá kejì, ní ibi tó yẹ kó wà. Nọ́ńbà rẹ̀ lé ní 14. Ojú ààlà nìkan kò fún ni ní nọ́ńbà tó dájú délẹ̀, ilà ló ń ṣe ìyẹn. Nítorí náà àwọn onímọ̀ gbé ẹjọ́ náà lọ sí ALMA, agbo àwo eriali 66 tó wà ní aṣálẹ̀ Chile ní nǹkan bíi mítà 5,000 sí òkè òkun. Ní oṣù kẹta, 2025, ikọ̀ onímọ̀ méjì kéde ohun kan náà: wọ́n rí ilà ọ́síjìn, nọ́ńbà náà sì jẹ́ 14.18.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ́síjìn yẹn. Nígbà tí àgbáyé bẹ̀rẹ̀, haidirójìn àti hílíọ̀mù ló wà, pẹ̀lú ìdọ̀tí lítíọ̀mù díẹ̀. Inú ìràwọ̀ ni wọ́n ti ń se ọ́síjìn, ìràwọ̀ náà sì ní láti kú kí ó tó tú u síta. Agbo tí a ń wò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 290 ọdún péré lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, a bá ọ́síjìn nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìran kan ti gbé ayé rí níbẹ̀, ó ti kú, wọ́n ti sin ín, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń jẹ ogún. Ọmọ ọwọ́ tí a rò pé a rí ti ní bàbá àgbà. Kí ló mú kí ó yára tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ṣì ń jà á. Àwọn kan ní ìràwọ̀ ń bí ní ìbújáde ìbújáde nígbà náà, àwọn kan ní eruku kò tíì pọ̀ láti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Èmi ń tẹ̀ sí ti àwọn tó ní ìbújáde, ṣùgbọ́n ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí.

Awò tí ènìyàn kọ́ nìkan kọ́ là ń lò. Ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ ní gíláàsì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, 1919, Arthur Eddington wà ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun Guinea tó wà ní gúúsù wa yìí, láti wo bí oòrùn ṣe máa ṣókùnkùn. Ikọ̀ kejì wà ní Sobral ní Brazil. Einstein ti sọ pé ìwúwo oòrùn á tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìkùukùu fẹ́ ba ti Príncipe jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ikọ̀ méjèèjì mú bọ̀ gbè lẹ́yìn Einstein. Lónìí a kì í lo oòrùn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún agbo ìràwọ̀ tó kóra jọ síbì kan ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, tó ń sọ wọ́n di ńlá, tó ń fà wọ́n gùn bí ẹ̀gbà ọwọ́. Bí ẹ bá rí fọ́tò Webb àkọ́kọ́ tí wọ́n fi han ayé ní oṣù keje, 2022, àwọn ọ̀já pupa tó tẹ̀ kọrọdọ nínú rẹ̀, ohun tó fà wọ́n nìyẹn.

Kí la wá ti mọ̀ nípa bí agbo ìràwọ̀ ṣe ń dàgbà? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, wọ́n ń gbé gáàsì mì, wọ́n ń gbé ara wọn mì. Agbo tiwa náà jẹ̀bi: ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn ó gbé agbo kan mì, awò Gaia sì fi han àwọn onímọ̀ ní 2018 pé àwọn ìràwọ̀ tó jẹ́ ogún ìjẹ yẹn ṣì ń rìn ní ọ̀nà tó yàtọ̀ sí ti àwọn onílé. Ìgbà kan náà yẹn ni ìbí ìràwọ̀ pọ̀ jù ní gbogbo àgbáyé. Láti ìgbà náà, ó ti ń relẹ̀. Nísinsìnyí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ìgbà náà lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn agbo ńlá ti dákẹ́, wọn kò bímọ mọ́, wọ́n pupa, wọ́n rí bí ẹyin. Ihò dúdú tó wà láàárín wọn wà lára ohun tí wọ́n fura sí pé ó ń fẹ́ gáàsì wọn dànù tàbí tó ń mú un gbóná jù láti di ìràwọ̀. Gáàsì tó ṣì kù, àwo 64 ti MeerKAT ní aṣálẹ̀ Karoo, South Africa, wà lára àwọn tó ń tẹ́tí sí i.

Ìṣòro kan kò tíì tán. Ọmọ ọwọ́ tí àlejò wa rí kì í ṣe bàbá yẹn nígbà èwe rẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ni. A kò lè mú agbo kan tó jìnnà kí á sọ pé eléyìí ló máa di èyí tó wà nítòsí yẹn. A kàn ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ wé ọ̀pọ̀lọpọ̀, ìran wé ìran. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá iye tó pọ̀. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Oxford ní fọ́tò tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan nílẹ̀, ojú wọn kò sì lè tó o. Wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni wá bá wọn sọ èyí tó yí apá àti èyí tó rí bí ẹyin. Wọ́n pè é ní Galaxy Zoo. Olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Netherlands, Hanny van Arkel, rí ìkùukùu kan tó ń tàn níbẹ̀ tí ọ̀mọ̀wé kankan kò ṣàkíyèsí, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí dòní. Ẹ̀yin olùkọ́, mo rí i pé ẹ rẹ́rìn-ín. Fóònù ọwọ́ yín tó o ṣe.

Bí ẹ kò bá sì ní dátà, ohun kan wà tí kò gba owó. Ní apá ìparí oṣù kọkànlá, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ jáde síta níbi tí iná kò sí. Bí wọ́n bá mú iná lọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bínú sí wọn títí di aago mẹ́wàá. Ẹ kọjú sí àríwá, kí ẹ gbé ojú sókè díẹ̀ kọjá ìdajì ọ̀nà sí àtàrí. Ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ òkùnkùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ó rí àbàwọ́n kan tó ṣú bàìbàì, bí ẹni mí èémí sára dígí. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn tààrà, torí á pòórá. Ẹ fi ẹ̀bá ojú wò ó, á padà wá. Andromeda ni. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú ojú yín níbẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà fún mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún.

Alága, mo ti ṣetán fún ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wọ yúnífọ́ọ̀mù kọ́kọ́ bi mí.